Bí Àkúrẹ́ bá ń mu omi Owena, kí ló kù fún ará ìsàlẹ̀ odò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. A ní oko kòkó àti àkùrọ̀ ẹ̀fọ́ ní ìsàlẹ̀ odò Owena, ibẹ̀ náà la ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú. Wọ́n ní omi dáàmù Ìgbàrà-Òkè ni wọ́n fẹ́ máa fà lọ sí Àkúrẹ́ kí omi ẹ̀rọ lè máa yọ níbẹ̀ lójoojúmọ́. A ò bínú sí ará Àkúrẹ́, àwọn ọmọ wa ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ní odò wa yóò gbẹ, àwọn mìíràn ní irọ́ ni, omi odò kì í tán. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé ká kọ̀ fún wọn ni, àbí kí la máa sọ tí wọ́n bá pè wá sí ìpàdé?

Ìdáhùn: Màmá, mo kí yín o, mo sì kí ọmọ tó bá yín kọ̀wé. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ bèèrè kí ìpàdé tó dé, torí ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa pinnu bí odò yín ṣe máa rí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn tó ní odò yóò gbẹ àti àwọn tó ní kò lè gbẹ, àsìkò tí kálukú wọn ní lọ́kàn ló yàtọ̀. Ẹni tó bá wo Owena lóṣù kẹsàn-án, tí omi ti gun bèbè, kò lè gbà láé pé ìlú kan lè fà á tán. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá wò ó lóṣù kejì, tí àpáta ìsàlẹ̀ odò ti yọrí síta, ẹ̀rù á bà á. Òun náà ò purọ́. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń ka iye omi tó ń ṣàn lódindi ọdún sí yín létí, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tẹ́ yín lọ́rùn. Oṣù kejìlá títí dé oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sí ìpàdé ni èyí: omi mélòó ni yóò máa ti ìdí dáàmù kọjá sí ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́ láwọn oṣù wọ̀nyẹn, ta ni yóò sì máa ṣí i?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká sọ pé ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ni omi náà máa dé ọ̀dọ̀ wọn, ní Àkúrẹ́ àti láwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà páìpù, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì máa lo 100 lítà lójúmọ́. Mílíọ̀nù 50 lítà nìyẹn. Ṣùgbọ́n páìpù máa ń jò, pàápàá èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀. Tí ìdá kan nínú mẹ́ta bá ṣòfò sójú ọ̀nà, wọ́n ní láti fa mílíọ̀nù 75 kí mílíọ̀nù 50 tó lè délé. Ẹ pín in fún ọjọ́ kan, ẹ máa rí i pé ó tó bíi lítà 870 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru.

Nígbà òjò, ìyẹn kéré. Tí ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà 10, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà 10, bá da mìlímítà kan péré nínú òjò tó rọ̀ sí i sínú odò, mílíọ̀nù 100 lítà ló dà sínú rẹ̀ yẹn. Òjò ńlá kan ṣoṣo, tí mìlímítà mẹ́fà nínú rẹ̀ bá wọ odò, ju ohun tí ìlú máa fà fún ọ̀sẹ̀ kan lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín lè wọn odò yín láti mọ̀, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá ibi tí odò ti lọ gbọọrọ, tí àpáta ò sí lójú rẹ̀. Ẹ fi okùn wọn mítà 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè, ẹ ri igi kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ri òmíràn mọ́ òpin. Ẹ ju ọsàn kan sómi díẹ̀ sókè igi àkọ́kọ́. Ọsàn sàn ju ewé lọ nítorí ó máa ń rì díẹ̀, afẹ́fẹ́ ò lè máa tì í kiri. Kí ọmọ yín fi fóònù ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó máa gbà kó tó dé igi kejì. Ẹ wọn ìbú odò, ẹ wọn bó ṣe jìn tó níbi bíi márùn-ún, kí ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ pín in sí márùn-ún. Ká ní ìbú jẹ́ mítà 6, jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà 0.4, ọsàn sì lo ìṣẹ́jú àáyá 25. Omi ń rin mítà 0.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ lára wọn, 6 àti 0.4 àti 0.4, á fún yín ní 0.96, ìyẹn lítà 960 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi ìsàlẹ̀ kì í sáré tó ti òkè, nítorí náà ẹ mú ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. Ó jẹ́ bíi lítà 770 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ gbé 770 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 870 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Odò tó bá rí báyìí lóṣù kejì, ìlú fẹ́ ju gbogbo ohun tó ń gbé lọ. Bẹ́ẹ̀, lójú ẹni tó dúró lórí afárá, omi ṣì ń ṣàn dáadáa.

Kí ló dé tí ẹ̀ẹ̀rùn fi le tó bẹ́ẹ̀ fún odò wa, nígbà tí òjò agbègbè Àkúrẹ́ máa ń tó bíi mìlímítà 1,400 lọ́dún? Ilẹ̀ ló fà á. Láti Ìdànrè dé Ìgbàrà-Òkè, orí àpáta la jókòó sí, àpáta tó le kì í mu omi. Ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta yẹn, tí kò nípọn púpọ̀, ni òjò ń rì sí, òun náà ló ń sun omi díẹ̀díẹ̀ sínú odò lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, bí àmù tuntun ṣe ń sun omi lára. Omi tí ẹ ń rí lóṣù kejì, òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni, tó ti sá pamọ́ sínú ilẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti gé igbó orí òkè, tí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì bo ilẹ̀, òjò ò ráyè rì mọ́, á kàn sáré wọ odò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn á wá le sí i. Ẹ má gbàgbé láti sọ èyí ní ìpàdé, torí páìpù nìkan kọ́ ló ń pa odò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ dáàmù. Dáàmù lè gé odò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ gé e. Ojú ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ nígbà òjò, tí ariwo rẹ̀ máa ń dé ojú títì, ìgbà tí adágún bá kún dé ẹnu nìkan ni omi ń gba ibẹ̀. Tó bá di oṣù kejìlá, òjò ò rọ̀ mọ́, ìlú ń fa tirẹ̀, oòrùn àti ọyẹ́ náà ń fa tiwọn. Adágún tó gùn ní kìlómítà kan, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan, tí mìlímítà 4 bá gbẹ lójú rẹ̀ lójúmọ́, mílíọ̀nù 4 lítà ló bá afẹ́fẹ́ lọ. Omi á wá fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ibi tó ti ń kún jáde. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí ihò tó wà nísàlẹ̀ ògiri, kò sí ohun tó máa kọjá sí ọ̀dọ̀ yín àfi èyí tó bá jò. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ pé kí odò gbẹ. Ẹni tó yẹ kó ṣí ihò ni kò sí, tàbí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ni, tàbí ihò náà ti dípẹtà kò ṣeé ṣí mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ bèèrè orúkọ ipò ẹni tí yóò máa ṣí i. Abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni dáàmù Ìgbàrà-Òkè wà, lọ́wọ́ àjọ agbami odò Benin-Owena, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Benin. Omi ẹ̀rọ inú ìlú wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Láàárín ẹni méjì bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ odò lè bọ́ sílẹ̀ kí kálukú sì máa rò pé ẹnì kejì ló dì í mú. Ẹ tún rántí pé kì í ṣe Àkúrẹ́ nìkan. Orí odò Owena kan náà ni wọ́n ti ń fa omi tí ń lọ sí ìlú Oǹdó. Ẹ ní kí wọ́n ka méjèèjì pọ̀.

Ohun kan tún wà tó ká mi lára ju gbogbo rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sọ ọ́ níbi irú ìpàdé báyìí. Omi tí ẹ fi fọ aṣọ lẹ́bàá odò, odò náà ló ń padà sí. Omi tí ẹ bù sí àkùrọ̀, ewé ń mu nínú rẹ̀, ìyókù ń rì padà. Omi tó bá gba páìpù dé Àkúrẹ́ kì í padà sí Owena mọ́. Odò Àlà ló ń gbé omi Àkúrẹ́ lọ, Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni Àlà sì ń ṣàn lọ bá, apá ibòmíràn pátápátá. Nínú omi tí ìlú bá lò, ó máa ń tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún tó ń di omi ìdọ̀tí, omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi ilé ìyàgbẹ́. Sọ́kàwéè àti gọ́tà ló ń gba á ní Àkúrẹ́, èyí tó bá sì pọ̀ jù fún wọn, Àlà ló ń wọ̀. Àlà tó ti ń ru pàǹtí ìlú láti àárọ̀ ọjọ́ yìí! Odò méjì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí máa kàn, Màmá. Ti yín á dín kù, tiwọn á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ló máa fi pọ̀. Ètò omi ẹ̀rọ tí kò bá ní ètò omi ìdọ̀tí nínú, ìdajì iṣẹ́ ni, ó sì yẹ kí ará Àkúrẹ́ náà dìde bèèrè ìdajì kejì.

Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí odò gan-an. Mo máa bẹ̀rẹ̀ látorí ẹja, torí ibẹ̀ ni ìyà máa ń kọ́kọ́ hàn. Àrọ̀ kì í yé ẹyin nígbà tó bá wù ú. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń dúró dè, tí odò bá ru, tí omi tàn wọ inú koríko ẹ̀bá bèbè, inú koríko yẹn ló ń yé sí, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti ń rí oúnjẹ tí ẹja ńlá ò sì rí wọn pa jẹ. Dáàmù tí ìlú ti fa omi rẹ̀ gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ebi omi ń pa á. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé lóṣù kẹta sí ìkẹrin, òun ló kọ́kọ́ ń gbé e mì títí yóò fi kún. Ìsàlẹ̀ odò ò ní rí omi tó ru títí di ìgbà tí òjò bá ti jìn wọlé. Àrọ̀ á dúró, dúró, ìgbà yíyé á kọjá. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́ta irú èyí, àwọn apẹja á máa sọ pé ẹja ti kó lọ. Kò kó lọ síbì kankan. Wọn ò bí i ni.

Omi tó bá dín kù nínú odò, agbára tó fi ń ṣan ìdọ̀tí dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Oògùn tí ẹ ń fín sí kòkó, èyí tó bá bá òjò ṣàn wọ odò tó kún, ó máa ń fọ́n ká. Tí ìwọ̀n oògùn kan náà bá wọ odò tó ti di kòtò omi kéékèèké, májèlé ni fún ẹja, ó sì léwu fún ẹni tó bá bu omi náà mu. Nígbà tí odò bá já sí kòtò kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló tún ń rọrùn fún àwọn kan láti da oògùn kòkòrò sínú rẹ̀ kí ẹja lè léfòó. Ẹ má gbà á láyè lọ́dọ̀ yín. Ìwà ìkà ni, sí odò àti sí ẹni tó bá jẹ ẹja náà.

Kànga tó wà lẹ́bàá odò á lọ sílẹ̀ bí odò bá lọ sílẹ̀; ìyẹn ò gba àlàyé.

Ti yanrìn gba àlàyé díẹ̀. Odò máa ń gbé yanrìn àti ẹrẹ̀ wá látòkè. Tó bá dé inú adágún, omi á dúró, yanrìn á rì síbẹ̀. Omi tó bá jáde nísàlẹ̀ dáàmù mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kò rí yanrìn gbé, nítorí náà bèbè yín àti ìsàlẹ̀ odò ni yóò máa gé jẹ. Tí àwọn oníyanrìn bá tún ń wa yanrìn ní ìsàlẹ̀ dáàmù, wọ́n ń kó ohun tí kò sí ẹni tó máa dá a padà. Bèbè á máa ya lulẹ̀, igi kòkó tó wà létí rẹ̀ á ṣubú, ìdí afárá á yọ síta. Ẹrẹ̀ dúdú tí ẹ̀kún omi máa ń tẹ́ sí àkùrọ̀ lọ́dọọdún, tí ẹ̀fọ́ yín ń jẹ láìra ajílẹ̀, òun náà á dín kù.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ létí adágún, tí ojú oró àti òṣíbàtà bò, ibẹ̀ ni ìgbín omi kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn tí wọ́n parí dáàmù Ọ̀yán ní 1983 láti máa fún Èkó àti Abẹ́òkúta lómi, àtọ̀sí ajá di ìṣòro ńlá fún àwọn abúlé tí wọ́n kó lọ sẹ́bàá adágún náà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, àìsàn yìí kì í ṣe àjèjì. Wọ́n ti ṣèwádìí nípa rẹ̀ ní Ìpògùn, nínú Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ kan náà tí Ìgbàrà-Òkè wà. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má sọ pé àgbà ló ń yá a bọ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é. Amùkúrù, kòkòrò kékeré tó ń fò, tó sì ń jẹ èèyàn, tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìgbín. Omi tó ń sáré, tó ń hó, ni ó ń yé sí, òun ló sì ń gbé àìsàn tó ń fọ́ni lójú kiri. Adágún lè bo ibi tó ń yé sí tẹ́lẹ̀, kí ojú ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ sì di ilé tuntun fún un. Ẹ bèèrè bóyá àwọn elétò ìlera wà nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdọ̀tí ilé ìtọ́jú omi náà wà níbẹ̀. Álọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń mú kí ẹrẹ̀ inú omi rì kí wọ́n tó sẹ́ ẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ńkọ́, níbo ni wọ́n ń dà á sí? Tó bá jẹ́ odò yín ni, ẹ kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Inú kòtò ló yẹ kí wọ́n ti sá a gbẹ.

Àwọn ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ rí pọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ méjì nínú wọn. Ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè wa, dáàmù Tiga ti 1974 àti Challawa Gorge ti 1992 ń fún Kánò àti oko àwọn àgbẹ̀ lómi. Nísàlẹ̀ wọn ni ilẹ̀ àbàtà ńlá kan wà, láàárín Hadejia àti Nguru, tí àgbẹ̀, apẹja àti àwọn tó ń da màlúù ń jẹ lára ẹ̀kún omi ibẹ̀ láti ayébáyé. Ẹ̀kún omi náà súnkì. Wàyí o, nígbà tí wọ́n tún ń jẹ́ kí omi máa ṣàn ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, koríko gígùn kan tó fẹ́ràn omi tí kì í gbẹ bo ojú odò, ó dí ọ̀nà omi, kò jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi kọjá. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe kí omi ṣáà ti máa kọjá nìkan. Odò ní ìgbà tó máa ń ru, ó ní ìgbà tó máa ń fà, àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ sì ti mọ ìgbà méjèèjì.

Èkejì jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ìlú gan-an ni. Ní 1913, ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà ṣí ọ̀nà omi tó gùn tó kìlómítà 375, láti fa omi àfonífojì Owens wá sílé. Láàárín ọdún díẹ̀, adágún tó wà nísàlẹ̀ odò ọ̀hún gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ di eruku, eruku náà sì ba afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1941, wọ́n tún na ọwọ́ dé àwọn odò tó ń ṣàn wọ adágún Mono. Omi Mono lọ sílẹ̀ tó bíi mítà 14, iyọ̀ inú rẹ̀ di ìlọ́po méjì, erékùṣù tí àwọn ẹyẹ ń yé sí wá so mọ́ ilẹ̀, ẹranko sì rìn wọlé lọ kó ẹyin wọn jẹ. Àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní 1983, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California sọ pé ìwé àṣẹ àtijọ́ tí ìlú ní láti fa omi kò sọ pé kí ìjọba má tún un yẹ̀ wò, torí ìjọba ń tọ́jú omi náà fún gbogbo ènìyàn ni. Ní 1994 ni wọ́n wá pàṣẹ iye omi tí odò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, àti ibi tí adágún gbọ́dọ̀ gun padà dé. Ìlú náà ò kú. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ omi lò, títí tí omi tí wọ́n ń lò kò fi ju ti ìgbà yẹn lọ bí èrò tilẹ̀ pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ẹ bi mí bóyá kí ẹ kọ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má kọ̀. Ọmọ tó ń ti ilé ìwé dé ní Àkúrẹ́, tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí omi ẹ̀rọ. Kànga dẹ̀rọ tí kálukú ń gbẹ́ síwájú ilé náà kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ: omi inú ilẹ̀ rírọ̀ orí àpáta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń fà, omi kan náà tó ń sun wọ odò lẹ́ẹ̀rùn. Dáàmù tiẹ̀ sàn ju pọ́ǹpù tí wọ́n kàn tì bọ odò lásán lọ, nítorí dáàmù lè fi omi òjò pamọ́ kó sì fún odò nínú rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Àmọ́ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbà fún wọn, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ fẹ́.

Ẹ lè rí ẹni tó máa sọ fún yín ní ìpàdé pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ odò. Ará Amẹ́ríkà kan, Tennant, ló gbé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jáde ní 1976: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún omi tó ń ṣàn ní ìpíndọ́gba ọdún, kí ẹja má bàa kú láàárín ìgbà kúkúrú, ìdá 30 kí ara wọn lè le, ìdá 60 kí ó dára gan-an. Ẹ gbọ́ ibi tí ó ti sọ ìdá 10 dáadáa. Ìwọ̀n ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ikú ni, wọ́n sì máa ń mú un lò bí ẹni pé òun ni ẹ̀tọ́ odò. Àwọn odò òtútù tó ń rí omi látinú yìnyín ló sì fi ṣe ìwọ̀n yẹn. Ohun tí màá fẹ́ fún Owena ni pé kí wọ́n wọn omi tó ń wọ adágún lójúmọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n jẹ́ kó kọjá, títí dé iye kan tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí. Kí èyí tí ìlú ń mu jẹ́ omi òjò tí a fi pamọ́. Kí wọ́n sì fi omi tó ru sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀, fún àrọ̀ àti fún àkùrọ̀. Kó má ṣe jẹ́ omi ìsàlẹ̀ adágún nìkan ni wọ́n máa tú jáde. Omi ibẹ̀ kì í ní ọ́síjìn tó, ó máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ó sì lè pa ẹja tó bá pàdé.

Orílẹ̀-èdè South Africa ti fi irú èyí sínú òfin láti 1998. Kí ẹnikẹ́ni tó gba àṣẹ láti fa omi, wọ́n gbọ́dọ̀ ti yọ ti ìwàláàyè ènìyàn sọ́tọ̀, lítà 25 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kí wọ́n sì yọ ti odò fúnra rẹ̀. Òfin tiwa ò tíì dé ibẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ lásán lẹ máa gbé lọ. Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, ti 1992, sọ pé adágún omi tó bá tó hẹ́kítà 200 gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò kíkún, kí wọ́n sì fún ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Òfin omi ti 1993 gbà fún yín láti bu omi ilé àti omi ẹran ọ̀sìn nínú odò tí gbogbo ènìyàn ń dé, láìsan kọ́bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò náà wá, kí wọ́n sì kà á fún yín ní Yorùbá.

Ẹ tún bèèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí páìpù tó ń jò. Nínú ìṣirò wa, mílíọ̀nù 25 lítà ló ń ṣòfò lójúmọ́. Tí wọ́n bá dín in kù sí ìdajì, omi tó kù nínú odò á pọ̀ ju èyí tí ẹ lè fi ìjà gbà lọ, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ ní àkọsílẹ̀ tiyín. Ẹ kun igi kan tàbí òpó afárá ní àmì sẹ̀ǹtímítà, kí ọmọ kan máa ka ibi tí omi dé láràárọ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ju ọsàn yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní báyìí, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀ bí odò ṣe rí tẹ́lẹ̀, wọ́n á sọ fún un pé bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn.

Ní ti ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń rẹ, Màmá, ìyípadà kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún, bóyá wọ́n fa omi o, bóyá wọn ò fà á. Omi kíkan tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú, ó sì ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ ẹja. Odò tó kún lè gbé e lọ. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, ẹ rẹ ẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù tàbí ìkòkò ńlá, jìnnà sí bèbè, kí ẹ da omi rẹ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ tí kò sún mọ́ kànga, kí ẹran má sì rí i mu. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí odò sì ti ru, ẹ lè máa rẹ ẹ́ síbi tí ẹ ti ń rẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìsàlẹ̀ ibi tí àwọn èèyàn ti ń pọn omi.